Oúnjẹ ọmọ kí wọ́n tó gbé e wọ tíátà

Òkun o, ìyá tó kọ̀wé láti Kabba. Ẹ ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí fún ọmọ yín tó ní cerebral palsy (àbùkù ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ́ràn), ẹ sì béèrè ìgbà tó yẹ kó jẹun kẹ́yìn. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ ní láti fi bọ́ ọ kó lágbára yẹn gan-an ló ká mi lára.

Ọmọ ọdún 8 ni tèmi nígbà tí wọ́n ṣe tirẹ̀. Kò lè dìde dúró. Nọ́ọ̀sì wò ó lójú lásán, ó kọ kílò 18 sílẹ̀. Èmi tí mò ń pọ̀n ọ́n, tí egungun ìhà rẹ̀ ń gún mi lẹ́yìn, mo mọ̀ pé kò tó bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́. Kílò yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn o! Ẹnikẹ́ni ò wọn apá rẹ̀ láti mọ bó ṣe gbẹ tó, ẹnikẹ́ni ò béèrè ohun tó ń jẹ. Dókítà àgbà wo fọ́tò egungun, ó kọjá lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo gbọ́ òórùn. Mo rò pé ìtọ̀ ló rin POP, ìdì líle tí wọ́n fi di ojú iṣẹ́ abẹ, mo nù ún títí, òórùn ò lọ. Wọ́n ní àwa ìyá máa ń ṣàníyàn jù. Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n tó gé POP: ojú rírán ti já, egbò ti lanu, ọyún ń ṣàn. Oṣù méjì ààbọ̀ la fi wẹ egbò yẹn, láti Isanlu, láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì ọ̀nà Obajana. Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti ń tú báńdéèjì, etí mi ló máa ń dì mú, á fà á títí wọn yóò fi ṣe tán.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wọ̀n ọ́n: kílò 12. Albumin, èròjà protein inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ́ gíráàmù 26 nínú lítà kan. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ 35, ewu kí egbò gba kòkòrò máa ń pọ̀. Wọ́n ní kòkòrò náà fúnra rẹ̀ máa ń fa albumin wálẹ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọmọ mi ti gbẹ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ara tí kò rí jẹ kò ní ohun tí yóò fi di egbò.

Ẹ gbé e mọ́ra, ẹ gorí ìwọ̀n, kí ẹ̀yin nìkan tún gùn ún, ẹ yọ tiyín kúrò. Ẹ béèrè àyẹ̀wò PCV (bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe tó) àti albumin lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo eyín tó ti jẹrà àti egbò ìdí.

Ògì nìkan ò tó. Ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ tàbí sóyà, ẹyin, edé àti epo pupa mọ́ ọn. Wàrà tí a tẹ̀ dáadáa náà dára. Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́. Bó bá ti gbẹ gan-an, ẹ má rọ́ oúnjẹ fún un lójijì, ó lè pa ọmọ tí ebi ti ń pa tipẹ́. Kí dókítà mọ̀ sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un lóúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀! Ọmọ tó bá ń wúkọ́ lórí oúnjẹ, oúnjẹ lè máa gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí yóò fún un lóògùn oorun.

Ìbéèrè yín: oúnjẹ àti ògì, wákàtí 6 ṣáájú; ọmú, wákàtí 4; omi lásán, wákàtí 2. Ẹ ní kí wọ́n sọ aago iṣẹ́ abẹ fún yín. Láti ọ̀gànjọ́ ni wọ́n ti fi ebi pa tèmi di aago méjì ọ̀sán. Ẹ béèrè oògùn wárápá rẹ̀ náà, bóyá yóò fi omi díẹ̀ lò ó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹnu ọ̀nà tíátà ni gìrì ti mú un.