Ṣé kí ọmọ wa forúkọ sílẹ̀ fún draft NFL lọ́dún yìí, àbí kí ó dúró?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Houston

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ nílẹ̀ òkèèrè. Ọmọkùnrin mi wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì kan níhìn-ín ní Texas. Quarterback ni nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìyẹn ẹni tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ máa ń dé ọwọ́ rẹ̀ tí ó sì ń pinnu ẹni tí yóò jù ú sí. Ọdún yìí ni ó kọ́kọ́ gba ipò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin, ó sì ṣe dáadáa débi pé ọkùnrin kan tí ó sọ pé aṣojú agbábọ́ọ̀lù ni òun ti ń pè é lálaalẹ́ pé àkókò ti tó láti lọ gbowó ní NFL, líìgì àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ jẹun, kí ó forúkọ sílẹ̀ fún draft, ìyẹn ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì náà ń yan àwọn ọmọ yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ní kí ó parí ìwé rẹ̀ ná. Àwọn ará ìjọ wa ní Ọlọ́run ti ṣí ilẹ̀kùn, kí a má fi ọwọ́ ara wa tì í. Ní tèmi, n kò mọ nǹkan kan nípa eré yìí ju pé kí n di ojú mi nígbà tí wọ́n bá ń gbé ọmọ mi ṣubú. Kí ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń wò lára quarterback kí wọ́n tó yàn án, báwo ni a ó sì ṣe mọ̀ bóyá tiwa ti tó?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Maryland

Ìyá wa, ẹ kú àdúrà o, nítorí mo mọ ibi tí àyà òbí máa ń wà nígbà tí ọkùnrin méjì tí ìwọ̀n ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ bá ń sáré bọ̀ lórí ọmọ ẹni. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: bí ó bá jẹ́ sáà kan péré ni ọmọ yín tíì gbá, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ó padà sí yunifásítì fún ọdún kan sí i, àyàfi tí ìgbìmọ̀ kan tí mo máa mẹ́nu bà nísàlẹ̀ bá sọ ohun mìíràn fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi. Quarterback ni ọmọ tèmi náà, ẹ̀yìn sáà kan ṣoṣo tí ó dára ni ó sì forúkọ sílẹ̀. Bí ẹ ti mọ̀, ẹgbẹ́ 32 ni ó wà nínú NFL, ìpele méje ni wọ́n sì ń fi ọjọ́ mẹ́ta yan àwọn ọmọ ní oṣù Kẹrin ọdọọdún, láti Ọjọ́bọ̀ títí di Àbámẹ́ta. Ìyàwó mi se ìrẹsì ìkòkò ńlá méjì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Ó ju 250 orúkọ lọ tí wọ́n pè, ti ọmọ wa kò sí nínú wọn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kan sì ń béèrè ṣáá bóyá kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ni ó ń fo orúkọ. Ẹgbẹ́ kan pe ọmọ náà fún ìdánrawò ọlọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n sì dá a padà sílé. Ó ti parí ìwé rẹ̀ báyìí, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí èmi kọ́ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí ìrẹsì tiyín má bàa di ìjẹkújẹ.

Ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wò ni ara. Ní ìparí oṣù Kejì, wọn a kó àwọn ọmọ tí wọ́n bá pè lọ sí Indianapolis, níbi ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Combine, wọn a wọn gíga wọn, ìwọ̀n wọn àti bí àtẹ́lẹwọ́ wọn ti fẹ̀ tó, wọn a ní kí wọ́n sáré 40 yáàdì, àwọn dókítà ẹgbẹ́ a sì yẹ gbogbo oríkèé ara wọn wò bí ẹni ń yẹ màlúù wò lọ́jà. Ó ṣe pàtàkì, n kò ní parọ́, pàápàá ti àwọn dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Anthony Richardson láti yunifásítì Florida, tí ó sáré 40 yáàdì náà ní ìṣẹ́jú àáyá 4.43 lọ́dún 2023, tí ó sì fò sókè ní 40.5 íǹṣì, èyí tí quarterback kankan kò tíì fò rí níbẹ̀ títí di ìgbà náà. Ipò kẹrin ni Indianapolis Colts ti yàn án. Nígbà tí ó fi di sáà 2025, ẹlòmíràn ni wọ́n gbé sí ipò rẹ̀. Tom Brady ní tirẹ̀ sáré iye yáàdì kan náà ní 5.28 lọ́dún 2000, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ìpele kẹfà ni wọ́n ti yàn án, òun ni ẹni 199, ó sì gba ife Super Bowl, ìyẹn ife àṣekágbá NFL, lẹ́ẹ̀meje. N kò ní kí ẹ fi Brady ṣe ìrètí o, nítorí irú rẹ̀ kan ṣoṣo ni a rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ara ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ, kì í sì í dá a dúró nínú ilé.

Níbo wá ni iṣẹ́ náà wà gan-an? Ó wà láàárín ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ ọmọ àti ìgbà tí ó bá kúrò níbẹ̀, ìyẹn bí ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Láàárín àkókò kúkúrú yẹn, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn mọ́kànlá tí ó kọjú sí i fẹ́ ṣe, kí ó wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kìíní, bí wọ́n bá ti dí ojú ọ̀nà rẹ̀ kí ó wo èkejì, kí ó sì wo ẹ̀kẹta, nígbà tí àwọn tí ń dáàbò bò ó níwájú ń rọ́ sẹ́yìn lọ bá a. Èyí ni àwọn atọpinpin tí ẹgbẹ́ ń rán jáde ń wò títí ojú yóò fi máa ro wọ́n, ẹ̀yin náà sì lè wò ó nílé.

Orí tábìlì kíṣìnì wa ni èmi ti kọ́ ọ. Èmi àti ọmọ mi jókòó níwájú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí, mo ń kà á sókè bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Eré kan wà tí n kò lè gbàgbé. Yáàdì mẹ́jọ ni wọ́n ń wá, bí wọn kò bá sì rí i, wọn yóò fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún alátakò. Láti ìgbà tí mo ti ní "ení" ni ojú ọmọ mi ti wà lára ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní apá òsì. Mo dé "ẹ̀ta", ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀, alátakò kan tí ó ti ń fi ojú ọmọ náà mọ ọ̀nà sì sáré síbẹ̀, ó já bọ́ọ̀lù gbà. Ní apá ọ̀tún, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn dá dúró bí ẹni ń retí mọ́tò, ó ń juwọ́. Mo dá fídíò náà dúró, mo fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà, mo ní, "Ta ni eléyìí?" Ọmọ mi ní òun kò rí i rárá lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé kò ní ọpọlọ, nítorí nígbà tí a wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi bí olùkọ́. Kò tíì gbá eré tó kí ojú rẹ̀ tó lè ṣe é fúnra rẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè iye eré tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀, ìyẹn eré tí òun ni wọ́n fi sí ipò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n tó béèrè ohunkóhun mìíràn. Eré 13 péré ni Richardson bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì. Eré 13 náà ni Mitchell Trubisky bẹ̀rẹ̀ ní North Carolina kí Chicago Bears tó yàn án ní ipò kejì lọ́dún 2017, nígbà tí Patrick Mahomes ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì sí ẹni tí ó yàn án títí di ipò kẹwàá. Ní ọwọ́ kejì, ẹ wo Brock Purdy, tí ó fi ọdún mẹ́rin gbá bọ́ọ̀lù ní Iowa State, tí ó sì jẹ́ ẹni 262, ìyẹn ẹni ìkẹyìn pátápátá, lọ́dún 2022; kò pé ọdún méjì tí ó fi dé Super Bowl. Bo Nix bẹ̀rẹ̀ eré 61 ní yunifásítì kí ó tó dé ẹgbẹ́ Denver lọ́dún 2024. Mo mọ̀ pé Josh Allen kò bá òfin mi mu, nítorí kò ju bí ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tí ó jù ní Wyoming tí ó dé ọwọ́ ẹni tí ó jù ú sí, síbẹ̀ ó di ọ̀kan nínú àwọn tí ó dára jù lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Allen tanná wá ọ̀nà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kò jẹ́ fi ọmọ mi dán an wò.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí ọdún kan sí i lè ṣe, Joe Burrow ju bọ́ọ̀lù touchdown, ìyẹn èyí tí ẹlẹgbẹ́ ẹni gbà wọ ìparí pápá alátakò, 16 ní yunifásítì LSU lọ́dún 2018, kò sì sí ẹni tí ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ó dúró, ó ju 60 lọ́dún 2019, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ yàn lọ́dún 2020. Èyí tí ó jọ ọ̀rọ̀ ilé yín jù ni ti Cam Ward, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Incarnate Word, yunifásítì kékeré kan ní San Antonio níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ó ti kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé òun ń lọ sí draft, ó sì yí ọkàn padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó lọ gbá sáà kan sí i ní yunifásítì Miami. Ẹgbẹ́ Tennessee Titans ni ó kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ lọ́dún 2025, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì pè.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó dúró ni ipò rẹ̀ ń gòkè. Olu Fashanu, tí n kò nílò láti túmọ̀ orúkọ rẹ̀ fún yín, wà lára àwọn tí ń dáàbò bo quarterback ní Penn State, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ní ìpele kìíní ni wọn yóò ti yàn án lọ́dún 2023, ṣùgbọ́n ó padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ipò 11 ni New York Jets ti yàn án lọ́dún 2024. Bóyá ìbá ti wà lókè ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún tí ó ṣáájú. Ó kàn jẹ́ pé kò pàdánù ohun tí ó hàn sí ojú mi.

Ẹ má jẹ́ kí iye tí ọmọ yín jù tàn yín jẹ pátápátá. Bọ́ọ̀lù tí a jù sí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, tí onítọ̀hún sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré 30 yáàdì, inú àkọsílẹ̀ ọmọ yín ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Atọpinpin a yọ ìyẹn kúrò, a sì wo èyí tí ó rìn jìnnà lójú ọ̀run, ní ọjọ́ tí wọ́n pàdé ẹgbẹ́ tí ó lágbára. Ohun mìíràn tún ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ọmọ yín fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ lọ máa sáré gba bọ́ọ̀lù nítorí pé ó yára, ẹ rántí pé wọ́n sọ irú rẹ̀ fún Lamar Jackson, tí wọn kò yàn títí di ẹni 32 lọ́dún 2018, tí ó sì ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù nínú NFL lẹ́ẹ̀mejì. Ojú àwọ̀ ara wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí wọn kò tilẹ̀ ń sọ ọ́ síta.

Ní ti ọkùnrin tí ń pè lálaalẹ́, ẹ béèrè bóyá ó ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NFLPA, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, nítorí ẹni tí kò bá ní in kò lè ṣe aṣojú ọmọ kankan níwájú NFL. Aṣojú kò sì gbọdọ̀ gbà ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó àdéhùn náà lọ. Èyí tí ó pe ọmọ tèmi sọ pé ìpele kẹta dá òun lójú. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, kò gbé fóònù wa mọ́. Àwọn tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kò sàn jù ú lọ: wọ́n ní quarterback kan, Shedeur Sanders, yóò wà lára àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè lọ́dún 2025, ipò 144 ni ó bá ara rẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ lọ ni ọ́fíìsì akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ yín. Ẹ ní kí yunifásítì bá a béèrè ìdájọ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí NFL gbé kalẹ̀ fún àwọn tí kò tíì parí ilé ẹ̀kọ́. Ìdáhùn mẹ́ta ni wọ́n ń fún ọmọ: ìpele kìíní, ìpele kejì, tàbí kí ó padà sí kíláàsì. Bí wọ́n bá kọ "ìpele kìíní" sí tiyín, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, kí ẹ lọ wá aṣojú gidi. Bí wọ́n bá ní kí ó padà, kí bàbá rẹ̀ fi ìwé náà hàn án kí ó tó di àárín oṣù Kìíní tí àyè ìforúkọsílẹ̀ ń tì. Ebi kò sì ní pa á bí ó bá dúró, nítorí láti oṣù Keje ọdún 2021 ni àwọn ọmọ yunifásítì ti lè gba owó lórí orúkọ wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín wo ọmọ náà, ẹ fi fídíò eré mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, n ó ka ení, èjì, ẹ̀ta sí gbogbo bọ́ọ̀lù tí ó jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ti ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń patẹ́wọ́ fún un ránṣẹ́; àwọn ọjọ́ tí wọ́n nà wọ́n ni kí ẹ bá mi yọ.