Ẹ má tíì buwọ́ lu ìwé ilẹ̀ oko yẹn

Ẹ̀gbọ́n wa ní Kánádà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ní ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gba ilẹ̀ ẹbí yín lọ́nà Ìkọ̀lé fún ogún ọdún, pé bọ̀tújẹ̀ (jatropha) ni wọ́n máa gbìn síbẹ̀, kí wọ́n lè fún epo rẹ̀ fi ṣe dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ ní àbúrò bàbá yín ti gbà, pé ìwé àṣẹ tiyín nìkan ló kù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Ilẹ̀ ẹbí ni. Àbúrò bàbá yín kò lè dá a ṣe, kódà bó bá jẹ́ òun ni olórí ẹbí. Bí olórí ẹbí bá gbé ilẹ̀ fún èèyàn láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìdí igi yòókù, ìyẹn àwọn ẹ̀ka ẹbí, gbọ́ sí i, kóòtù lè fagi lé e. Ẹ ní kí wọ́n pe ìpàdé, kí ẹ wà níbẹ̀ lórí WhatsApp, kí aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan buwọ́ lu ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí.

Ẹ béèrè àwọn tó ń dáko níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ náà lè sọ fún yín pé ilẹ̀ náà ṣófo, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo síbẹ̀, àwọn kan sì ń san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn owó tí a ń san fún onílẹ̀ láti dáko. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń lé lóru ọjọ́ kan. Oúnjẹ àwọn èèyàn yìí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Nípa bọ̀tújẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí a fi ń ṣe ọgbà ni, ẹran kì í jẹ ẹ́, májèlé wà nínú èso rẹ̀. Wọ́n á ní ó ń hù lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Òótọ́ ni, ó ń hù, àmọ́ èso rẹ̀ kì í pọ̀ níbi tí ilẹ̀ kò bá ti lọ́ràá. Ní Tànsáníà àti Mòsáńbíìkì, àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì kógbá wọlé láàárín ọdún díẹ̀. Igi tún ni. Ó máa ń tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó so dáadáa, ẹni tó bá sì gbin igi sórí ilẹ̀ kì í tètè kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wa kì í fi í jẹ́ kí oníṣákọ́lẹ̀ gbin kòkó tàbí obì láìtọrọ àyè.

Bó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbìn fún ẹtanọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tí a ń lò bí epo ọkọ̀, mi ò ní le tó báyìí. Láti 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe ìlànà pé kí a máa po ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ mọ́ bẹntiróòlù. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan lè mú nǹkan bíi lítà 150 sí 180 wá. Bí oníbàárà bá sì sá, a ó fi yan gààrí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́, torí náà ẹ bi wọ́n pé níbo gan-an ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti máa sọ ọ́ di ẹtanọ́ọ̀lù wà. Bó bá jìnnà sí Èkìtì, ẹ má dá wọn lóhùn.

Tí ẹbí bá ṣì fẹ́ ẹ, ọdún márùn-ún ni kí ẹ fún wọn, ẹ má gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí apá kan ilẹ̀ náà, èyí tó lọ́ràá, wà fún iṣu àti oúnjẹ mìíràn. Kí wọ́n san owó ohun ọ̀gbìn tó wà nílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Kí wọ́n má lè yá a fún ẹlòmíràn. Kí ẹ máa tún owó ilẹ̀ wò lọ́dún méjì-méjì, nítorí náírà.

Power of attorney yín, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ẹlòmíràn á fi ṣe é lórúkọ yín, iwájú notary public, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, ni kí ẹ ti buwọ́ lù ú, tàbí ní ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà ní Ottawa. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: ilẹ̀ wo, ọdún mélòó, pé kò gbọ́dọ̀ tà á, àti ọjọ́ tí àṣẹ náà máa parí. Lábẹ́ Òfin Ilẹ̀ ti 1978, yíyá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gba ìfọwọ́sí ìjọba ìbílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi orúkọ ìwé náà sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Kí sọ̀fíyọ̀ yín, kì í ṣe tiwọn, wọn ilẹ̀ náà kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé katakata wọ̀ ọ́.

Lónìí, ẹ yẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wò lórí ìkànnì Corporate Affairs Commission, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá rí fún mi, kí a tó sọ̀rọ̀ lórí owó.