Porsche 944 tí wọ́n ń tà l'Ádó: ẹ yẹ ẹ́ńjìnnì wò kẹ́ ẹ tó ná an

Bọ̀dá mi, ẹ ní ẹ fẹ́ ra mọ́tò yìí torí máìlì tó ti rìn kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí máìlì tàn yín o, mọ́tò tí wọ́n ṣe láàárín 1982 sí 1991, tó bá ti dúró sójú kan fọ́dún gbọọrọ, rọ́bà inú ẹ̀ á ti gan, ọ́ìlì á máa jò. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni timing belt, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù àti písítìnì máa bá ara wọn rìn, torí tó bá já lórí eré, fáàfù á lọ kọlu písítìnì, ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ nìyẹn, owó àtúnṣe ẹ̀ sì lè ju owó tẹ́ ẹ fi ra mọ́tò lọ. Tí ò bá sí rìsíìtì tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀, ẹ gbà pé wọn ò pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ yọ owó belt àti wọ́tà pọ́ǹpù kúrò nínú iye tí ẹni tó ń tà á ń pè.

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, àwọn kan máa ń ti mú un gbóná sílẹ̀. Kí mẹkáníìkì yín wọn kọmpréṣọ̀n sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, kẹ́ ẹ wá wà á gun òkè, òkè ò kúkú wọ́n wa l'Ékìtì, kí ẹnì kan máa wo èéfín lẹ́yìn, tó bá ti ń ṣe búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ pé ẹ ò ní wọn kọmpréṣọ̀n, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.