Ẹ má fi ABD kọ́ èdè Japan

Ẹ béèrè bóyá ẹ lè máa fi ABD kọ́ èdè Japan ná, kí ẹ fi àwọn àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ dìgbà tó bá yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó dé Chiba ní Japan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, mo wa mọ́tò ilé iṣẹ́ lọ sọ́jà, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ 出口 sí ni mo gbà wọlé. Mọ́tò mìíràn ń jáde bọ̀, díẹ̀ ló kù ká forí sọra. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu: deguchi, ibi tí à ń gbà jáde. Ojú mi ni ò mọ̀ ọ́n. Àmì àkọ́kọ́ ni "jáde", èkejì tó dà bí àpótí ni "ẹnu". Àwa náà ṣáà ń sọ pé ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá fi 入 rọ́pò ti àkọ́kọ́, iriguchi nìyẹn, ibi ìwọlé.

Oríṣi àmì mẹ́ta ni wọ́n ń lò, inú gbólóhùn kan náà ni wọ́n sì ń kó wọn pọ̀ sí. Hiragana ní 46, katakana ní 46, ìró kan náà ni méjèèjì dúró fún. Kanji, irú àwọn àmì 出 àti 口 yẹn, ló pọ̀: 2,136 ló wà nínú èyí tí ìjọba wọn tò fún ìlò gbogbo gbòò lọ́dún 2010. Inú ọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti máa kọ́ wọn, bí mo ṣe kọ́ "ẹnu" yẹn.

Katakana ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ àyálò, ibẹ̀ sì rọrùn fún wa, torí bíi tiwa, wọ́n máa ń ki fáwẹ̀lì sáàárín kọ́ńsónáǹtì. Kíláàsì wa, kurasu ni tiwọn. Mílíìkì wa, miruku. Etí wa tún ń gbọ́ ohùn. Lẹ́nu ará Tokyo, ame tó ti òkè wá sísàlẹ̀ ni òjò, èyí tó ti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni súwíìtì.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń gbẹ̀yìn gbólóhùn. Sakana o tabemasu: ẹja ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ kékeré o yẹn ń fi hàn pé òun ni à ń jẹ, jíjẹ wá kẹ́yìn. Bí ẹ kì í bá jẹ ẹ́, sakana wa tabemasen: wa ló bọ́ sípò o, -masen tó kẹ́yìn ló sì ń sọ pé ẹ kì í jẹ ẹ́. Nínú Yorùbá, "mi ò" ti tètè sọ ọ́. Tiwọn, ẹ ní láti gbọ́ ọ dópin.

Ọ̀wọ̀ ló wá dùn mí jù, torí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n láti ilé. Oníbàárà kan pè lórí fóònù, ó béèrè ọ̀gá mi. Mo fi san, àfikún ọ̀wọ̀, kún orúkọ ọ̀gá, mo ní irasshaimasen, ìyẹn ni pé wọn ò sí nílé, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dúró kí n gbé fóònù sílẹ̀, ó wá rọra ṣàlàyé. Lójú ará ìta, ara kan náà ni gbogbo wa. Ẹni tó bá gbé ọ̀gá rẹ̀ ga níwájú oníbàárà, ara rẹ̀ ló gbé ga. Orúkọ ọ̀gá lásán ni kí n pè, láìsí san, kí n sì sọ pé orimasen, ìyẹn ni pé kò sí nílé, láìgbé e ga. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí ẹnu mi tó gbà á. Títí dòní, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìyá mi fún aládùúgbò, haha ni mò ń pè wọ́n, kì í ṣe okaasan tó lọ́wọ̀, ó sì máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo gbàgbé láti kúnlẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ hiragana lálẹ́ òní: a, i, u, e, o. Márùn-ún lóòjọ́, ìwé àti bírò, kì í ṣe fóònù. Lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ ti parí ẹ̀.