Bátìrì Lẹ Ń Rà, Ọkọ̀ Ni Èènì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Àbúrò mi ní Amẹ́ríkà rí Nissan Leaf àlòkù kan, ti ọdún 2013, tó ń lo iná. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó Corolla. Àkóbọ̀ ni mò ń gbé n'Ìbàdàn, Dùgbẹ̀ ni ibi iṣẹ́ mi, àlọ àtàbọ̀ kò ju kìlómítà 30 lọ. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù mo máa ń lọ kí ìyá mi n'Ìjẹ̀bú-Òde. Band A ni àdúgbò wa, àwọn tí wọ́n ní kí iná wà fún ogún wákàtí lójúmọ́. Ọkọ mi ní mo fẹ́ lọ da owó sómi ni. Ṣé kí n rà á? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Tó bá jẹ́ ti Dùgbẹ̀ nìkan ni, ó lè ṣe é. Ti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ máa wọ bọ́ọ̀sì lọ.

Nígbà tí Leaf 2013 wà ní tuntun, ó lè rìn tó bíi kìlómítà 135 kí iná rẹ̀ tó tán. Bátìrì a máa gbó bí èèyàn ṣe ń gbó, ooru ló sì ń tètè sọ ti Leaf di arúgbó, torí kò ní omi tó ń tù ú lára bí rédíétọ̀ ṣe ń tu ẹ́ńjìnnì. Ní 2012, àwọn tó ń wà á ní Arizona, níbi tí oòrùn ti ń mú bíi ti Sókótó, pariwo títí Nissan fi fẹ gàràńtì bátìrì náà sí i. Nítorí náà, kí àbúrò yín kọ́kọ́ bèèrè ìpínlẹ̀ tí ọkọ̀ náà ti wá. Mo fara mọ́ èyí tó ti Seattle, ìlú tí ooru kì í pọ̀, wá ju ti Phoenix, olú ìlú Arizona, lọ, kódà kí ti Phoenix máa dán bíi dígí.

Kó tan ọkọ̀ náà, kó ya fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù. Lápá ọ̀tún pátápátá, àwọn ìlà kéékèèké kan wà tó tò sókè. Méjìlá ni wọ́n nígbà tí bátìrì bá pé. Ìlà àkọ́kọ́ kì í lọ àfi tí bátìrì bá ti pàdánù bí ìdá 15 nínú 100. Àwọn yòókù ń lọ ní ìdá mẹ́fà mẹ́fà. Tó bá ku mẹ́jọ, kìlómítà 135 ti di bíi 85. Ẹ wá tan éésì, ẹ gun òkè Mọ́kọ́lá, ẹ má sì fẹ́ kí iná tán sí yín lọ́nà: 65 ló kù. Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde sì tó bíi 70. Ìlú Orù, lójú ọ̀nà, lẹ ó ti máa pè mí.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba ìlà nìkan gbọ́. Àwọn ọ̀jẹ̀lú kan máa ń fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe kó lè fi méjìlá hàn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ní kí àbúrò yín fi iná kún un dẹ́nu, kó tan éésì, kó wà á fún kìlómítà 20, kó sì wo iye tó lọ nínú 100. Tó bá ti ju 30 lọ, kó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún wọn. Bí bátìrì yìí bá kú, owó òmíràn lè ju owó ọkọ̀ lọ. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé bátìrì lẹ ń rà, ọkọ̀ ni èènì.

Ní ti owó iná, kìlómítà 100 á jẹ bíi yúníìtì 20. Ká ní yúníìtì kan jẹ́ 210 náírà, 4,200 nìyẹn. Corolla á mu bíi lítà mẹ́sàn-án láàárín ìlú; ká ní bẹntiróòlù jẹ́ 900, 8,100 ni. Tí ẹ bá ń rin kìlómítà 600 lóṣù, ohun tó máa kù sí yín lọ́wọ́ ò ju bíi 23,000 lọ. Kò lè kọ́lé, àmọ́ kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò sí plọ́ọ̀gì. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fẹ́ máa fi gbaná sí i, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Wáyà tó bá ọkọ̀ Amẹ́ríkà wá ńkọ́? Iná 120 fóltì ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún. Ẹ má tì í bọ sókẹ́ẹ̀tì wa o! Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gba 240, wáyà yẹn ni kò gbà á. Kó bá yín ra ti 240, èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ Type 1.

Oníbàárà mi kan ra ti 240 lóòótọ́, síbẹ̀ iná pupa ló ń tàn lára wáyà náà. Mẹkáníìkì mẹ́ta ló ti bá a tú ọkọ̀ kí n tó dé. Mi ò tilẹ̀ wo ọkọ̀. Sókẹ́ẹ̀tì ni mo tú. Wáyà méjì péré ló wà nínú ẹ̀, kò sí áàtì, ìyẹn wáyà kẹta tó ń wọ ilẹ̀. Wáyà tí wọ́n fi ń gbaná yìí sì máa ń yẹ áàtì wò kó tó jẹ́ kí iná kọjá. A gbá irin kọ́pà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, a fa wáyà tó nípọn wọlé, ni iná bá di àwọ̀ ewé. Obìnrin náà jó níbẹ̀.

Kí tiyín náà wà lórí 10 áńpù, torí sókẹ́ẹ̀tì 13 tó bá gbé ẹrù ní gbogbo òru a máa yọ́. Iná Dùgbẹ̀ ọjọ́ kan kò sì gbà ju bíi wákàtí mẹ́ta lọ.

Tí fọ́tò bá ti dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Tí ìlà bá kéré sí mẹ́jọ, ọkọ yín ló jàre.