Fọwọ́ kọ ọ́ ná, kí o tó gbé kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ béèrè pé èwo ni kí ẹ mú nínú bírò, taipuráítà àti kọ̀ǹpútà fún ìwé ìtàn àkọ́kọ́ yín, torí pé láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, orí kìíní náà lẹ ṣì ń tún kọ. Èmi ní kí ẹ fi bírò kọ ọ́ tán, kí ẹ wá fi kọ̀ǹpútà tún un kọ.

Mo mọ àrùn tó ń ṣe yín yẹn dáadáa. Orí kọ̀ǹpútà ló ti máa ń múni. Ọ̀rọ̀ ò tíì balẹ̀ tán, ẹ ti pa á rẹ́, ẹ kọ òmíràn, ẹ tún pa ìyẹn náà rẹ́. Ilẹ̀ á ṣú, gbólóhùn mẹ́ta péré ló wà nílẹ̀. Ní ti bírò, èyí tí ẹ bá fagi lé ṣì wà níbẹ̀, ẹ ṣì lè kà á. Nínú ìtàn kan tí mo kọ, mo fagi lé ibi tí ìyá arúgbó kan ti ń ka owó tó fi sábẹ́ ìrọ̀rí, mo ní kò wúlò. Ìgbà tí mo dé ìparí, ibẹ̀ gan-an ni mo nílò, torí owó yẹn ló sọnù. Mo ṣí ìwé padà, mo sì kà á lábẹ́ ìlà tí mo fà. Ká ní orí kọ̀ǹpútà ni, ó ti dàwátì.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tí mo bá ń tẹ ohun tí mo fọwọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà. Kò sí gbólóhùn tí kò ní tún ọwọ́ yín kọjá. Èyí tó bá sú yín láti tẹ̀, ó máa sú ẹni tó fẹ́ kà á náà. Ibẹ̀ ni ojú ìwé kan ti máa ń di ìdajì lọ́wọ́ mi. Ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn tẹ̀ o!

Ojú kan ṣoṣo ni kí ẹ máa kọ lára ìwé, kí èkejì ṣófo fún àfikún. Bí ọwọ́ bá ń ro yín, ẹ wá pẹ́ẹ̀nì onítádàwà. Kò nílò kéèyàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Taipuráítà dùn ún lò, mi ò ní purọ́. Kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì rọrùn láti pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀, iwájú ṣáá lẹ ó máa lọ. Àmọ́ bí ẹ bá tẹ lẹ́tà méjì pọ̀, ọ̀pá wọn á há mọ́ra, ríbọ́ọ̀nù tó ní tádàwà á gbẹ, àtúnṣe rẹ̀ ò sì rọrùn láti rí mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òǹkọ̀wé ńlá tà á fún yín lówó gọbọi. Taipuráítà Olivetti Lettera 32 tí Cormac McCarthy, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, $254,500 ni wọ́n tà á ní gbàǹjo ní 2009. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a wá irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ láti fi rọ́pò rẹ̀, owó ìyẹn ò tó $50.

Tí ẹ bá wá dé orí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó gé nǹkan ńlá, ẹ fi orúkọ tuntun pa fáìlì mọ́, kí ẹ sì ní ẹ̀dà kan níbòmíràn. Ìwé tí ẹ fọwọ́ kọ náà, ẹ má dáná sun ún títí ìtàn yóò fi jáde.