Ẹ Bi Dókítà: Ajá Mi Gbé Ìbọ̀sẹ̀ Mì

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ajá mi tí ò tíì pé ọdún kan gbé ìbọ̀sẹ̀ ọmọ mi mì lánàá, kí n tó sáré dé ibẹ̀ ó ti wọlé. Ó ṣì ń jẹun, ó ń ṣeré. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n rọ omi iyọ̀ sí i lẹ́nu kó lè bì, ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi í sílẹ̀, á yà á. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbọ́ ti ìkankan nínú wọn. Ti iyọ̀ yẹn ló ń bí mi nínú jù, torí iyọ̀ tó bá pọ̀ lè jẹ́ kí ajá máa gbọ̀n, kí gìrì gbé e, kó tiẹ̀ kú, nígbà tó jẹ́ pé ìbọ̀sẹ̀ ọ̀hún lè má ṣe é ní nǹkan kan. Àwa náà máa ń mú ajá bì o, abẹ́rẹ́ wà fún un, àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan la máa ń ní kó bì, bátìrì ńkọ́, nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó ńkọ́, tó bá ń padà bọ̀ ó tún máa ṣe ọ̀nà ọ̀fun léṣe.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí. Pé ó ń jẹun tó ń ṣeré ò tíì fi nǹkan kan hàn, aṣọ lè jókòó sínú ikùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó lọ há sínú ìfun, ìgbà yẹn lẹ ó wá rí i tó ń bì léraléra, tí ò fẹ́ jẹun, tí ò yàgbẹ́, ọ̀rọ̀ sì lè di iṣẹ́ abẹ. Kẹ́ ẹ sì ka ìbọ̀sẹ̀ tó kù nílé o! Mo ti yọ ọ̀kan rí tí mo tún bá èkejì níwájú nínú ìfun.

Ẹ tún gbọ́ o, X-ray ò ń sábà gbé aṣọ jáde. Òkúta, eégún, owó ẹyọ, gbogbo ìyẹn máa ń hàn, ti aṣọ, ìfun tó wú tí afẹ́fẹ́ kún inú ẹ̀ la fi ń fura. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ àwọn tó ni ajá pé kí wọ́n sọ òótọ́ fún mi. Bàbá kan gbé irú ajá tí wọ́n ń pè ní Labrador wá, ó búra pé ajá òun ò jẹ nǹkan kan, àfi ìgbà tí ọmọ ẹ̀ kékeré rọra ní "àbí bọ́ọ̀lù mi ni." Bọ́ọ̀lù náà ni kẹ̀. (Ẹ má dá Labrador lẹ́bi jù ṣá, ní 2016 àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge rí i pé jíìnì kan (ohun àjogúnbá inú ara) tí wọ́n ń pè ní POMC ò pé lára àwọn kan nínú wọn, ó sì jọ pé òun ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ oúnjẹ máa ká wọn lára tó bẹ́ẹ̀.)

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, òwú ń yọ jáde nídìí ajá mi, ṣé kí n fà á?

ÌDÁHÙN: Rárá o! Orí òwú yẹn lè há sábẹ́ ahọ́n tàbí sínú ikùn lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ bá wá fà á, ìfun á sún kì bí ẹnu ṣòkòtò tí wọ́n fa okùn ẹ̀, òwú á sì máa rẹ́ ẹ. Tó bá ń wọ́lẹ̀, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tó wà níta, kẹ́ ẹ máa lọ sílé ìwòsàn ẹran kíá.

ÌBÉÈRÈ: Ó di ọjọ́ kejì tí ajá mi ti jẹ májèlé eku, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Kò tíì bọ́. Ọ̀pọ̀ májèlé eku ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya sínú ara, ẹ ó kàn rí i pé ó rẹ̀ ẹ́, èrìgì ẹ̀ funfun, kò lè mí dáadáa. Vitamin K1 la fi ń wò ó, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ má torí pé ara ẹ̀ yá kẹ́ ẹ dá oògùn dúró. Àmọ́ àwọn májèlé kan wà tí ìyẹn ò ràn rárá, ọpọlọ ni wọ́n ń bá jà, torí náà ẹ wá páálí ẹ̀ jáde, kódà nínú ààtàn, kẹ́ ẹ sì mú un dání tẹ́ ẹ bá ń bọ̀.